Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Mi àti Ohun Tó Ń Hù Lórí Òkúta Odò

Kí ìyá mi tó wá bá wa gbé ní Amúwo, n kò ka omi tó ń ṣàn lẹ́yìn òpópónà wa sí odò. Ó ń ti apá Abúlé Adó bọ̀, ó ń gba abẹ́ afárá kékeré kan kọjá, ó sì ń lọ pàdé omi ńlá níhà Festac. Àwọn kan ń da pàǹtí sí i, àwọn kan ń fọ ọkọ̀ létí rẹ̀, èmi a sì máa fi ọwọ́ bo imú bí mo bá ń gba orí afárá náà lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ mi. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ pè é ní odò létí mi. Ó dúró lórí afárá, ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ ní odò, ẹ ò sì ní pẹ́pẹ́yẹ?"

Bàbá mi ti di olóògbé, ìyá mi sì ń dá gbé nílùú wa, nínú ilé tí àwa ọmọ ti kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Aládùúgbò ló gbé e dìde, ìyá mi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi títí ẹsẹ̀ náà fi san díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni oorun mi kò ti pé mọ́. Mo lọ mú un wá sí Èkó, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé kò ní padà. Òun náà ti pinnu nínú ara tirẹ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun yóò lọ gbin àgbàdo òun. A kò jiyàn lórí rẹ̀. Olúkúlùkù wa kàn ń retí kí ọ̀rọ̀ náà sú ẹnì kejì.

Bí a ṣe ń gbé ní Amúwo kò sì ràn mí lọ́wọ́. Òpópónà wa máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án: géètì ní ìbẹ̀rẹ̀, géètì ní òpin, gbogbo ènìyàn ti lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ni ó sábà máa ń wà, àwọn ọmọ wa a sì ti lọ sí iléèwé. Èmi ń rán aṣọ iléèwé ní ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́ mọ́ iwájú ilé. Ìyá mi yóò jókòó tì mí díẹ̀, yóò dìde, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò tún padà wá wo géètì. "Ẹ̀wọ̀n ni ibí yìí," ó wí fún mi, "wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn ún ni."

Nítorí náà, nígbà tí ó ní òun fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan ní Abúlé Adó ló tà wọ́n fún wa, akọ kan àti abo mélòó kan, a sì fi apẹ̀rẹ̀ gbé wọn wálé. Kò pẹ́ tí ilé wa fi yí padà. Ní òwúrọ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á tò bí ọmọ iléèwé, wọ́n á gba ihò ara ògiri ẹ̀yìn jáde, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú odò. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún tò padà. Ìyá mi á dúró dè wọ́n, á bú èyí tó bá pẹ́ dé, á kí ẹni tó bá ń kọjá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń dá a lóhùn. N kò gbọ́ àgbàdo lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ti borí.

Kíláàsì ni ó da ìbàlẹ̀ ọkàn náà rú. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó padà sídìí ìwé. Mo fẹ́ yege nínú ìdánwò báyọ́lọ́jì kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, n kì í sì í kánjú: ohun tí kò bá yé mi, mo máa ń dúró tì í títí yóò fi yé mi. Olùkọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n bí, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà ní Festac. Ó kéré sí púpọ̀ nínú wa, síbẹ̀ Àǹtí ni à ń pè é. Òun náà ń pè wá ní mà àti sà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ń kọ́ wa nípa ẹ̀dá kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí àfi bí wọ́n bá kóra jọ. Sáyánòbàkitéríà ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọ̀ aró dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lára wọn, kíláàsì wa sọ wọ́n ní aláró, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ó ní wọn kì í ṣe ewéko, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko. Ó ní àwọn baba ńlá wọn ló kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí sínú ayé, kí igi kankan tó wà, kí ẹran kankan tó wà. Ó ní ohun tó ń yọ̀ lórí òkúta odò, ohun tó ń dúdú lára ògiri símẹ́ǹtì lẹ́yìn òjò, òórùn ilẹ̀ tútù tí omi inú tánkì máa ń ní nígbà mìíràn, ọwọ́ wọn wà nínú púpọ̀ rẹ̀. Mò ń gbádùn ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé àwọn kan nínú wọn ní májèlé, pé ajá, màlúù àti ẹyẹ omi a máa kú bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ó kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi kò lè kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ohun tí n kò ṣe rí láti ìgbà tí a ti ń gbé àdúgbò náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, ó sì mọ́ ju bí mo ti rò lọ. Ibi gbogbo ni àwọn aláró wà. Lórí òkúta tí omi ti ń sáré, wọ́n tẹ́ bí aṣọ àrán, wọ́n dúdú, wọ́n sì lẹ̀ pinpin. Níbi tí omi ti ń rọra lọ, wọ́n bo iyanrìn bí awọ ẹran tí a sá sóòrùn, àwọ̀ wọn wà láàárín ewé tútù àti tábà. Lára ògiri afárá tí omi ń ta sí, wọ́n wú ní kókó kókó, wọ́n ń yọ̀, bí ògì tó dì. Abẹ́ afárá gan-an, níbi tí òjìji kì í ti í kúrò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan lórí òkúta rẹ̀. Mo rí gbogbo èyí, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí mo rí. Ohun tí ojú mi dúró lé ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìyá mi, tí wọ́n ń fi ẹnu tú awọ náà, tí ìrù wọn sì ń gbọ̀n fún ayọ̀.

Mo fẹ́ kí ó dá mi lójú kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ìyá mi kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀. Ibi tí mo ti ń dúró de ìdánilójú ni mo wà nígbà tí abo funfun kan dé kẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, tí ọrùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Kò lè gbé orí. Ìyá mi kò pariwo. Ó gbé e lé itan, ó ní kí n gbé epo pupa wá, ó fi ìka la ẹnu rẹ̀, ó sì ń da epo sí i lọ́nà ọ̀fun díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti jẹ májèlé," ó wí. "Epo ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí a jí, pẹ́pẹ́yẹ náà ti dìde dúró, ó ń gbọn orí, ó ń bínú sí gbogbo wa.

Bí ó bá jẹ́ pé pẹ́pẹ́yẹ náà kú ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá rí ibi dúró sí. Yíyè tí ó yè ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi yóò ti gbé ìgò epo, yóò mú àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, yóò nu ẹnu wọn, yóò sì ṣí ihò ara ògiri sílẹ̀ fún wọn. Ní ti tirẹ̀, ó ti yanjú ọ̀rọ̀ odò náà. Ọkùnrin géètì wá wo bí wọ́n ti ń ṣe é, ó di ìhà mú fún ẹ̀rín.

"Màmá, àwọn wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkàrà o. Wọ́n ti gba epo tán, iná ló kù."

"Ẹnu rẹ ni kí iná jó," ìyá mi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí inú ìyá mi dùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sé wọn mọ́lé fún ìgbà díẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ohun tó wà nínú odò náà ni. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ó lè ní májèlé."

"Ó ní ni, àbí ó lè ní?"

Mo ro ó dáadáa kí n tó dáhùn. "Ó lè ní, mà."

"Èmi fún un lépo, ó sì dìde. Ìyẹn kì í ṣe 'ó lè'."

"Bóyá ì bá dìde náà láìsí epo."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ ra tìrẹ, kí o má fún un lépo, ká jọ máa wò ó." Ó yí ojú sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. "Sé wọn mọ́lé! Èmi tí ẹ sé mọ́lé ńkọ́? Bí ẹ bá sé àwọn náà, ẹ bá mi wá ọkọ̀ ìlú wa."

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ó sọ yẹn. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n máa lọ, odò lè pa wọ́n, ìyá mi yóò sì lọ. Bí mo bá dá wọn dúró, yóò lọ. N kò lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún ìgbà pípẹ́ mọ́. Mo ń rán ọwọ́ aṣọ sódì, mo ń tú u, mo ń dìde lọ wo ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo bu díẹ̀ nínú ohun tó wà lórí òkúta, díẹ̀ lórí iyanrìn, díẹ̀ lára ògiri afárá, mo kó wọn sínú ìgò kékeré tí mo ti fọ̀ mọ́, mo sì kó wọn lọ bá Àǹtí olùkọ́. Ó ní máíkírósíkópù kan tí ó ń lò láti fi kọ́ wa, ìyẹn awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo tẹ ojú bọ̀ ọ́. Awọ tí mo rò pé ohun kan ṣoṣo ni jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye òwú tó gún, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sì ń yọ́ lọ láìlẹ́sẹ̀, ọ̀kan ń fara nu ọ̀kan. Ti ara ògiri jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tí ẹyọ kan ń tóbi ju ìyókù lọ níbi díẹ̀ díẹ̀. Àǹtí ní ẹyọ ńlá náà ń mú nínú afẹ́fẹ́ ohun tí àgbẹ̀ ń torí rẹ̀ ra ajílẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ara rẹ̀ àti fún omi. Ti orí òkúta tún yàtọ̀: òwú ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọ àpò tirẹ̀, kí omi tó ń sáré má baà fà á ya. Nínú odò tí mo ń fi ọwọ́ bo imú kọjá ni gbogbo èyí wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ibi tí ó yàn.

"Èwo ló ní májèlé nínú wọn, Àǹtí?"

Ó mi orí. "Ojú ò lè sọ ọ́, mà. Ẹ̀yà kan náà lè ní in níhìn-ín, kó má ní in lọ́hùn-ún. Àyẹ̀wò mìíràn ló ń fi í hàn, a ò sì ní ohun èlò rẹ̀ níbí. Ọrùn tó rọ yẹn sì tún lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá jẹ ohun tó ti rà nínú ẹrẹ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"A jẹ́ pé n kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà, mà. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dé ibi tí awọ yẹn bá léfòó. Nígbà tó bá léfòó ni ẹran máa ń rí i jẹ jù. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá dúró lórí rẹ̀."

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì kí n tó rántí pé oníbàárà ń bọ̀. Létí odò, mo bá ohun tí Àǹtí wí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Awọ tó sùn pẹrẹsẹ lórí iyanrìn ní òwúrọ̀ ti kún fún ìhó kéékèèké, nítorí pé oòrùn ti mú kí àwọn aláró máa mí, èémí wọn sì há sábẹ́ ara wọn; ó ń wú, ó ń já kúrò nílẹ̀, ó ń gòkè wá sójú omi ní abala abala, omi sì ń gbá a jọ sí etí odò. Ibẹ̀ ni mo ti rí akọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó na ìyẹ́ sílẹ̀ láàárín abala náà, díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo gbé e lọ bá ìyá mi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Ó gba epo láàárọ̀," ó wí.

Ọkùnrin géètì ti gbọ́, ó sì wá láti bèèrè bóyá òun lè bá wa tu ìyẹ́ rẹ̀ fún ọbẹ̀. Ìyá mi gbé ojú sókè wò ó. "Ohun tó pa á ṣì wà nínú rẹ̀," ó wí, ó sì ní kí ó bá òun gbẹ́ ilẹ̀. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgò epo dúró sí ilé ìdáná, kò sì ṣí ihò ara ògiri. Ó wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, ó ní, "Mú mi lọ wò ó."

A rọra sọ̀ kalẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú, ó ń já a gbà. Mo fi awọ orí iyanrìn hàn án. Ó fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rí abala kan tí omi ti tì sórí ilẹ̀ láti àná, tí oòrùn ti sá. Etí rẹ̀ ti rọ, àwọ̀ búlúù kan tó jinlẹ̀ sì ń ṣàn jáde lára rẹ̀ sórí òkúta.

"Aró rèé," ó wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Wò ó. Aró gan-an ni. Ta ló rẹ ẹ́ síbí?"

Mo wá ṣàlàyé fún un, láìpe orúkọ kankan: pé ó fẹ́ oòrùn, pé ó ń sùn ní òwúrọ̀, pé ọ̀sán ní í gòkè, pé kò lè gbèrú níbi tí òjìji bá wà. Mo nawọ́ sí abẹ́ afárá. Ó wo òkúta tó wà níbẹ̀, ó wo èyí tó wà nínú oòrùn, ó tún wò wọ́n.

"Ohun tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ sọ nìyẹn," ó wí. "Májèlé, májèlé, ni o ń pariwo. Èmi bi ọ́ ní májèlé? Ibi tí kò sí àti ìgbà tí kò sí ni ẹlẹ́ran ń wá."

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ kùtù, ìyá mi á fi ọ̀pá da àwọn pẹ́pẹ́yẹ lọ sí abẹ́ afárá, á jókòó sórí òkúta, á sì dà wọ́n padà kí oòrùn tó kan odò. Ó mọ ẹni tó ń fọ ọkọ̀ létí omi, ó sì lé e lọ sísàlẹ̀ odò. Ó mọ obìnrin tó ń gba orí afárá lọ ta ẹ̀kọ ní Mile 2. Pẹ́pẹ́yẹ kankan kò tún ṣàìsàn. N kò mọ̀ títí di òní bóyá aláró ló pa akọ náà. Mo kàn mọ̀ pé ìyá mi ń jí kí n tó jí, ó sì ń kọrin ìsìn.

Síbẹ̀ ara mi kò lélẹ̀. Àǹtí ti sọ fún wa pé òjò ńlá kan tó láti họ gbogbo wọn kúrò lórí òkúta. Nígbà tí mo bá rántí àwọn pẹ́pẹ́yẹ, mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀. Nígbà tí mo bá rántí àgbàdo, mo ń gbàdúrà kí ó má rọ̀. Mo ń wo ojú ọ̀run láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ọ̀run jẹ ní gbèsè.

Ó rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń múra lọ́wọ́ láti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Ó lágbára. Nígbà tí ó dá, mo sáré lọ sétí odò: omi ti wú, ó ti di pupa, òkúta tí ojú mi tó sì mọ́ bí àwo tí a ha. Kò sí awọ, kò sí àrán. Mo padà wálé, mo bá ìyá mi ní ìloro, ó kọjú sí ọgbà tó ń rin.

"Wọ́n ti ń gbìn nílé," ó wí.

"Màmá, bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Bí mo bá ṣubú níbí ńkọ́? Símẹ́ǹtì yín le ju tiwa lọ." Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Mi ò sá fún ọ. Mo fẹ́ lọ gbìn ni. Awakọ̀ kankan kò ní gba pẹ́pẹ́yẹ sínú ọkọ̀, nítorí náà ìwọ ni wàá máa dà wọ́n."

Mo mọ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà jiyàn. Mo ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo wò ó bí ó ti dúró láìfara ti nǹkan kan, mo sì rí i pé ìrìn odò òwúrọ̀ wọ̀nyẹn ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ìgbà tí mo mú un wá lọ. N kò ní ìdí kankan mọ́ tí mo lè dì mú. Mo bá a gbé ẹrù lọ sí gáréèjì, mo dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi kún, títí ó fi lọ.

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń da àwọn pẹ́pẹ́yẹ lọ sí abẹ́ afárá. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀, omi ti ń mọ́, mo sì ti rí i tí ojú òkúta inú oòrùn tún ń yọ àwọ̀ ewé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èémí lára gíláàsì. Ìyá mi ń pè mí lórí fóònù ní àràárọ̀, kí ó tó bèèrè ọkọ mi, kí ó tó bèèrè àwọn ọmọ.

"Oòrùn ti débẹ̀?"

"Kò tíì dé, mà."

"Kí lo wá ń ṣe nílé?"

Mo ń wọ bàtà lọ́wọ́, n kò sì tètè pa fóònù. Ó ń rìn bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé wa, mo sì ń fetí sí bí ó ti ń gbé ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.